Ọkọ̀ Tí Bàbá Àgbà Kàn Sínú Ẹ̀jẹ̀

Bàbá àgbà mi nìkan ni ẹ̀dá tó pe erinmi jáde láti inú odò Ọya ní Lọ́kọ́jà, tí wọ́n ní kó na ẹsẹ̀, tí erinmi náà sì na ẹsẹ̀, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, tó sì yíjú padà wò wọ́n kó tó wọ omi lọ, bí ẹni tó ń dúpẹ́ oore. Ojú mi báyìí ni. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi erinmi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí létí odò, níbi tí mo ti ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, àwọn apẹja rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá àgbà fúnra wọn wà níbẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àgbá epo, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí bí adájọ́ ṣe ń wo olè, wọ́n ní:

"Ta ló rí i?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń jí, òun náà ni wọ́n fi ń sùn. Bí o bá ní òjò rọ̀ ní Kàràwòrò, wọn á bi ọ́ pé ta ló rí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ń wàásù nípa ọkùnrin kan tó kú sọ́nà oko tó sì jí lójú àdúrà, wọ́n na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ kan náà. Ó pẹ́ kí pásítọ̀ tó tún kí wọn dáadáa. Àní nígbà tí wọ́n wá sọ fún wọn pé ìyàwó wọn, ìyẹn ìyá bàbá mi, ti kú sí ilé ìwòsàn, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn náà nìyẹn. Ẹni tó mú ìròyìn wá dá wọn lóhùn pé, "Èmi ni mo rí i, sà." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá ibi jókòó sí.

Pùròfẹ́sọ̀ ni àwọn ará ilé wa ń pè wọ́n. Likita, ìyẹn dókítà, ni lẹ́nu àwọn apẹja Nupe. Iṣẹ́ wọn ni láti wádìí ohun tí bàbá àti ìyá ń fi sílẹ̀ nínú ara ọmọ: ohun tó ń jẹ́ kí ọmọ mú imú bàbá rẹ̀, kó mú ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, kó sì mú àìsàn láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì nígbà mìíràn. Jíìnì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Yunifásítì kan ní apá gúúsù ni wọ́n ti ń kọ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ìsinmi ni wọ́n fi ń wálé, nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa ni wọ́n ń kà bí ìwé. Wọ́n kọ́ yàrá ìwádìí kékeré kan sẹ́yìn ilé, wọ́n gbé fíríìjì oníkẹrosín sí i, wọ́n sì ń sin ehoro sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ èyí, ìwé kẹfà ni èmi àti ilé ẹ̀kọ́ ti dágbére fún ara wa. Bí mo bá ṣi iṣẹ́ wọn sọ, kí àwọn ọ̀mọ̀wé fọwọ́ wọ́nú. Bí wọ́n ṣe là á yé mi ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Àìsàn tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn lé ni fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tẹ̀ bí dòjé, tó ń dí ojú iṣan, tí egungun á sì máa ro ọmọ bí ẹni pé wọ́n ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Láyé àwọn bàbá wa, àbíkú ni wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọn á sì sọ ọ́ ní orúkọ ẹ̀bẹ̀: Málọmọ́, Dúrósinmi, Kòkúmọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n bàbá àgbà wà. Bí wọ́n bá wọ agbo ilé, wọn kì í béèrè àìsàn, nítorí kò sí ẹni tó máa ń fẹ́ sọ ọ́. Orúkọ ni wọ́n ń béèrè, orúkọ àwọn ọmọ tó wà láyé àti ti àwọn tó ti lọ. Níbi tí orúkọ ẹ̀bẹ̀ bá ti pọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti ṣí àpótí abẹ́rẹ́.

Ọgbọ́n náà já wọn kulẹ̀ lọ́jọ́ kan ní Ọjà Àtijọ́, nílé oníṣòwò kan tí àwọn baba rẹ̀ ti Ìlọrin wá. Àlàájì Dúrósinmi lorúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ àgbà ń jẹ́ Dúrósinmi. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń fa ìdí nílẹ̀, Dúrósinmi. Ojú bàbá àgbà ń tàn bí ti ọmọdé tó rí ìgbín lẹ́yìn òjò. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo ilé, ó kù díẹ̀ kí wọ́n gba ti ewúrẹ́. Nígbà tí wọ́n fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn mọ́ bí omi àmù. Wọ́n padà lọ bi Àlàájì bó ṣe jẹ́. Àlàájì rẹ́rìn-ín títí láwàní rẹ̀ fi tú. Ó ní bàbá bàbá òun ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì gbó títí tó fi ń fi igi méjì rìn. "Bí wọ́n ṣe ń jogún fìlà la ṣe ń jogún orúkọ náà, Pùròfẹ́sọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wo lẹ wá ń wá nínú fìlà?"

Bàbá àgbà náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Èmi ni mo ru àpótí wọn bọ̀ wá sílé. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Wọ́n ní: "Orúkọ a máa jẹ́rìí, ṣùgbọ́n kì í búra."

Wọ́n burú sí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá parọ́. Mo gbọ́ pé ọmọkùnrin kan gbé iṣẹ́ ìwádìí wá síwájú wọn ní yunifásítì, gbogbo rẹ̀ gún, kò sí ibi tó wọ́. Wọ́n dá a padà fún un láì fi kálàmù kàn án. Ọmọ náà sunkún dé ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá. Àwọn ọ̀gá pè wọ́n, wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n fi ń fìyà jẹ ọmọ tó mọ̀wé. Bàbá àgbà ní kí ọmọ náà tún un ṣe lójú gbogbo wọn. Kò rí i ṣe. Àwa tí a wà nílé, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún wa, èmi ni wọ́n kọjú sí bí ẹni pé èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún: "Iṣẹ́ tí kò ní àṣìṣe kankan nínú, irọ́ ni."

Síbẹ̀ wọn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí nítorí pé mi ò kàwé. Àárín ẹ́ńjìnì àti ọ̀rá dúdú tó wà lọ́wọ́ mi ni wọ́n ti wá ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún mi. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan ń ti òdìkejì bọ̀ lọ́jọ́ náà, iṣu ló kó. Wọ́n bi mí pé bí mo bá fẹ́ fi iṣu ránṣẹ́ sí ará òdìkejì, ṣé màá jù ú sómi ni. Mo ní bí mo bá fẹ́ kí ẹja jẹ ẹ́ ni. Wọ́n ní ohun tí àwọn dókítà ń fi oògùn ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n ń jù ú sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ síbi tó wù ú. Èyí tó yẹ kó dé inú mùdùnmúdùn egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á ti jẹ ẹ́ tán lọ́nà. Nítorí náà ni àwọn ṣe ń kan ọkọ̀ fún un. Ọ̀rá ni wọ́n fi ń kàn án, ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, wọ́n á fi wé oògùn, wọ́n á wá fi ránṣẹ́. Wọ́n ní bó bá pẹ́ bó bá yá, kì í ṣe oògùn nìkan ni ọkọ̀ náà yóò máa gbé. Yóò gbé jíìnì tó yè kooro, kó lọ ṣe iṣẹ́ èyí tó bàjẹ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì ń fi èyí ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan bi wọ́n pé ta ni yóò máa wa ọkọ̀ náà. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé ọmọ ọmọ wọn wà ní Lọ́kọ́jà tí kò níṣẹ́ púpọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, àmọ́ wọ́n tún yíjú sí odò. "Ẹrù kì í ṣòro," wọ́n ní. "Ọkọ̀ ni iṣẹ́."

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ ká, ẹ̀yin náà á ti mọ̀. Ẹni tí ó ń dúró de ọkọ̀ náà nílé wa ni Ìbídùn, àbúrò mi obìnrin.

Ọmọ ìyá mi méjì ló ti kú kí wọ́n tó bí i. Ní ọjọ́ ìkómọ rẹ̀, àwọn ẹbí ìyá mi gbéra láti Kàbbà, wọ́n ní Málọmọ́ ni kí wọ́n sọ ọ́, kó má baà lọ mọ́. Bàbá àgbà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní Ìbídùn ni yóò máa jẹ́. Ohun tí ìyá mi gbé mì lọ́jọ́ náà kò dà nínú wọn. Ẹni tó ń fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́, kí ló dé tí kò fẹ́ ọ̀kan nílé tirẹ̀? Nígbà tí mo dàgbà, mo bi wọ́n. Wọ́n ní: "Mi ò fẹ́ kó máa jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ kó máa jẹ́ ènìyàn."

Lẹ́yìn ìkómọ náà, bàbá àgbà wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà nínú awò. Wọ́n jáde, wọ́n di òpó ilẹ̀kùn mú, wọ́n sì sọ fún ìyá mi pé, "Ìdajì rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ti wá." Bàbá wa ti gbà á lára wọn, ìyá wa náà sì ní tiwọn láì mọ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni bàbá wa kú nínú ìjàǹbá mọ́tò lọ́nà Òkènè, àwa àti ìyá wa sì dúró sí ilé bàbá àgbà.

Ìbídùn dàgbà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ fẹ́lẹ́ lọ. Òun ló ń fún àwọn ehoro ìwádìí ní koríko. Òun ló sọ wọ́n lórúkọ, ẹ sì mọ orúkọ tó sọ wọ́n? Málọmọ́. Kòkúmọ́. Dúrósinmi. Bàbá àgbà á ṣe bí ẹni tó bínú, wọ́n á lọ sẹ́yìn yàrá ìwádìí lọ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá jáde níbi iṣẹ́, ó ti ń dúró dè wọ́n lórí àga.

"Bàbá, ọkọ̀ yín ò tíì gúnlẹ̀?"

"Ó ku díẹ̀, ọ̀gá mi."

"Ẹ sọ fún un kó yára o. Èrò ti pọ̀ ní èbúté."

Ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ọyẹ́ mú gan-an, ọyẹ́ sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ìrora egungun náà dá a dùbúlẹ̀. Dókítà ti ṣe èyí tó lè ṣe. Oògùn bàbá àgbà sì wà nínú fíríìjì, wọ́n ti wé e nínú ọ̀rá, wọ́n ti gún un fún ehoro, ehoro sì ń fò kiri. Gbogbo wa la mọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ìyá mi kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú wọn.

"Bàbá, ẹ fún un nínú ohun tó wà nínú fíríìjì yẹn."

"Ehoro ló rí i. Ènìyàn kankan ò tíì rí i."

"Ó ṣiṣẹ́ lára ehoro."

"Ehoro ò lè sọ ibi tó ń dùn ún."

"Ìbídùn lè sọ ọ́, Bàbá. Láti àná ló ti ń sọ ọ́."

Bàbá àgbà dìde. Wọ́n wọ yàrá ìwádìí, a gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn láti inú. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti ká apá ẹ̀wù òsì sókè, wọ́n fi òwú tẹ ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n ní: "Ẹ jẹ́ kí ènìyàn kan rí i ná."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìbà ti ń gbọ̀n wọ́n bí ewé. Apá náà wú, ó le bí iṣu. Èmi ni mo ń fi aṣọ tútù nù wọ́n lára. Nígbà tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní: "Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀. Ilé onílé ló gúnlẹ̀ sí." Wọ́n ní kí n gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé, wọ́n da oògùn tó kù sí i, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi bò ó. Apá yẹn kò nà mọ́ títí wọ́n fi kú. Ó tẹ̀. Mi ò ní sọ ohun tó tẹ̀ bí.

Ara Ìbídùn fúyẹ́ díẹ̀ láàárín ìgbà yẹn. Ó rí apá wọn tí wọ́n fi aṣọ gbé kọ́ ọrùn, ó ní: "Bàbá, ẹ bu oúnjẹ mi jẹ, ó sì há yín lọ́fun."

Ó kú kí oṣù náà tó parí. Bàbá àgbà fi apá tó dára gbé orí rẹ̀ lé itan. Mo wà níbẹ̀, ìyá mi wà níbẹ̀. Nígbà tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, wọ́n tẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, mo sì gbọ́ tí wọ́n pè é ní orúkọ tí wọ́n kọ̀ fún un lọ́jọ́ ìkómọ. "Málọmọ́," wọ́n ní. "Málọmọ́ o."

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá mi palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Wọ́n dé iwájú bàbá àgbà, wọn ò kúnlẹ̀. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin gbà á, ẹ ò kú. Òun ò gbà á, ó kú."

Ìyá mi padà sí Kàbbà. Láti ìgbà náà, bí àwọn méjèèjì bá pàdé níbi ìgbéyàwó tàbí òkú, "Ọ̀kún" ni ìyá mi máa ń sọ. Ẹ mọ̀ pé àwa tí wọ́n ń pè ní Ọ̀kún, ìkíni wa nìyẹn, àárọ̀, ọ̀sán, ayọ̀, ọ̀fọ̀, gbogbo rẹ̀ ló gbà. Bàbá àgbà á dáhùn pé "Ọ̀kún." Ó tán. Bí mo bá ti Kàbbà dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé kí ni ìyá mi wí. Mo máa ń ní wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n á ní báwo ni wọ́n ṣe kí àwọn. Mo máa ń ní, "Ọ̀kún."

Bàbá àgbà kọ ohun tí oògùn náà ṣe fún apá wọn sílẹ̀, wọ́n sì lọ kà á síwájú àpéjọ àwọn onímọ̀. Wọ́n ká ẹ̀wù sókè, wọ́n fi apá han wọ́n. Àwọn kan ní wọ́n ti dójú ti ara wọn, pé ta ló ń pariwo ìkùnà. Àwọn kan ní ìwà wèrè ni kí ènìyàn gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan iṣẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò dákẹ́. Wọ́n ní: "Kí ẹlòmíràn má baà wa ọkọ̀ gba ibẹ̀."

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti wálé pátápátá, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ ti òkè òkun dé. Ó ní nítorí ohun tí wọ́n sọ nípa apá wọn ni àwọn fi pààrọ̀ irú ọ̀rá tí àwọn ń lò, pé oògùn ti ń dé ibi tí wọ́n rán an láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Bàbá àgbà ní, "Ta ló rí i?" Ọkùnrin náà tẹ́ àwòrán sílẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n wò ó títí kọfí tí a gbé fún àlejò náà fi tutù. Mo rò pé inú wọn á dùn. Wọ́n ní: "Ìbídùn ìbá ti di ìyá ọmọ."

Ọdún tí wọ́n sọ Lọ́kọ́jà di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni bàbá àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ ìlú, owó ilé ń fò sókè, àwọn ènìyàn ń jó ní títì, bàbá àgbà sì ń wo òrùlé. Wọ́n kàn ń béèrè pé ìyá mi ńkọ́. Mo lọ sí Kàbbà, mo bẹ ìyá mi. Ìyá mi sì wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n wọlé nígbà tí bàbá àgbà ń sùn, wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Wọ́n gbé apá tó tẹ̀ náà sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á bí ẹni tó ń na aṣọ tó ká. Wọ́n ní: "Bàbá, ẹ̀yin náà ló gbé ìdajì rẹ̀." Wọ́n kúrò kí bàbá àgbà tó jí. Ní ọjọ́ kẹta bàbá àgbà kú, ojú wọn tòrò.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn láti ọdún yẹn nìyẹn, wọ́n sì máa ń gbà á gbọ́, wọ́n á tún nu ojú. Erinmi nìkan ni wọ́n ń bá mi jà lé lórí. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n tú u. Erinmi wà lóòótọ́. Àwọn ọdẹ ló pa á, ó ti kú sétí omi kí bàbá àgbà tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ erinmi náà ń tẹ̀. Kò na ẹsẹ̀, kò dúpẹ́.

Mo lọ sí Kàbbà lóòótọ́. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀gúsí nínú atẹ. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu ro mí. Wọn ò gbé ojú sókè. Nígbà tí mo dìde, wọ́n ní kí n bá wọn sọ fún Bàbá pé, "Ọ̀kún." Ohun tí mo gbé bọ̀ wá sí Lọ́kọ́jà nìyẹn. Mo bá bàbá àgbà lórí ibùsùn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, wọ́n ní ìyá yín ńkọ́. Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi: mo ní wọ́n ti wá, ẹ̀ ń sùn ni, wọ́n sì di apá yín mú.

Wọ́n wò mí, ojú adájọ́ yẹn. Mo dúró de ìbéèrè náà. Mo ti ń wá èsì tí màá fọ̀. Wọ́n rọra fa apá òsì náà sábẹ́ aṣọ, wọ́n ní, "Ó dáa." Wọn ò bi mí.

Nítorí náà ẹ̀yin náà lè bi mí báyìí pé ta ló rí ìyá mi ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yẹn. Kò sẹ́ni tó rí wọn. Wọn ò wá. Èmi ni mo hun ún.